Gìtá mi kì í padà sójú ohùn rẹ̀ tí mo bá ti tẹ apá bíríìjì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọ kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ta gìtá. Tòkunbọ̀ ni gìtá mi, gìtá oníná irú Stratocaster. Òpó irin méjì ni bíríìjì rẹ̀, irin tí ìdí okùn so mọ́, gbára lé, ìdí rẹ̀ kò sì fara kan igi, ńṣe ló ń léfòó. Lóṣù tó kọjá mo yọ okùn 9 tó wà lára rẹ̀, mo fi 10, tó sanra díẹ̀ jù ú lọ, sí i. Láti ìgbà náà ni ìdí bíríìjì ti gbé sókè. Mo máa ń túùnù rẹ̀ dáadáa kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tí mo bá ti tẹ apá rẹ̀, ọ̀pá irin tí a fi ń mi bíríìjì, lẹ́ẹ̀mejì péré nínú orin ìyìn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Okùn kẹfà àti ìkẹta ló burú jù. Ẹnì kan ní kí n ra sípírìngì méjì kún un. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra bíríìjì Floyd Rose, èyí tó ń ti okùn pa. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi owó rẹ sápò ná. Àìsàn méjì ni mo rí nínú ohun tí o kọ, ìwọ sì fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì. Èkíní ni pé bíríìjì rẹ kò dọ́gba mọ́ láti ọjọ́ tí o ti pààrọ̀ okùn. Èkejì ni pé nǹkan kan ń di okùn rẹ mú nígbà tó bá fẹ́ padà sáyè rẹ̀. Sípírìngì tuntun kò mọ nǹkan kan nípa èkejì yìí. Floyd Rose mọ̀ ọ́n, àmọ́ wàá kọ́kọ́ gbẹ́ igi gìtá rẹ kí o tó rí i gbé sí i, igi tí a bá sì ti gbẹ́, a ti gbẹ́ ẹ nìyẹn.

Ṣé o ti fara balẹ̀ wo onígángan rí? Ó fi apá fún ọsán mọ́ra, awọ le, ohùn ròkè. Ó dẹ apá, ọsán dẹ̀, ohùn wálẹ̀. Kò sí onígángan tó ń dá ijó dúró láti tún ohùn ìlù tò, nítorí pé tó bá ti dẹ apá tán, ọsán gbogbo ti padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí bíríìjì rẹ fẹ́ ṣe náà nìyẹn. Okùn mẹ́fà ń fà á síwájú, síhà ọrùn gìtá. Sípírìngì tó wà lẹ́yìn, lábẹ́ ike ìbòrí, ń fà á sẹ́yìn. Ibi tí agbára àwọn méjèèjì bá ti ṣe déédéé ni bíríìjì ń dúró sí. Kò sí ìṣó, kò sí bóòtù tó dè é mọ́bẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí okùn kan kò fi lè dá ṣe tirẹ̀ lórí irú gìtá yìí. Tí o bá fa ọ̀kan le, bíríìjì á tẹ̀ síwájú díẹ̀, àwọn márùn-ún tó kù á dẹ̀. Tí ọ̀kan bá já, sípírìngì á borí, bíríìjì á fà sẹ́yìn, àwọn tó kù á sì ròkè. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Lórí gìtá tìrẹ, tí ọsán kan bá já, ńṣe ni àwọn tó kù tún le sí i.

Wo ohun tí o ṣe lóṣù tó kọjá báyìí. Àpò okùn 9, láti 0.009 íǹṣì títí dé 0.042, ń fa nǹkan bíi kílò 38 lápapọ̀ tí o bá túùnù rẹ̀ sí E-A-D-G-B-E, ohùn tí a sábà máa ń túùnù gìtá sí. Àpò okùn 10, láti 0.010 títí dé 0.046, ń fa nǹkan bíi kílò 46. Kílò mẹ́jọ lo gbé kọ́ bíríìjì lọ́rùn, o kò sì sọ fún sípírìngì. Báwo ni ìdí rẹ̀ kò ṣe ní gbé sókè?

Àmọ́ ìyẹn nìkan kò tó láti ba ohùn jẹ́. Bíríìjì tó gbé ìdí sókè lè má lẹ́wà, apá rẹ̀ lè ga jù lọ́wọ́, okùn lè jìnnà sí fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, síbẹ̀ tó bá ń padà síbi kan náà nígbà gbogbo, ohùn á dúró. Tìrẹ kò padà. Ibi tó ti ń há ni ká wá.

Kí o tó mú sukudiráfà rárá, gbé túnà (ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá ohùn okùn ga tàbí ó wálẹ̀) àti ìwé kékeré kan wá. Túùnù gìtá náà dáadáa. Tẹ apá rẹ̀ sílẹ̀ títí okùn á fi dẹ̀ pátá, jẹ́ kó fúnra rẹ̀ padà, má fi ọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ta okùn kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ ohun tí túnà sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tún un túùnù, kí o fa apá náà sókè, jẹ́ kó padà, kí o sì tún kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn onígìtá wa fi máa ń fò ó.

Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí o tẹ apá, okùn kan tàbí méjì péré ló ga ju bó ti yẹ lọ, nọ́ọ̀tì ló ń di okùn mú, ìyẹn egungun tàbí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ojú mẹ́fà níparí ọrùn gìtá. Nígbà tí o tẹ apá, ara okùn tó wà láàárín nọ́ọ̀tì àti bíríìjì dẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, síhà pẹ́ẹ̀gì tí a ń yí láti fi túùnù, ṣì le, ló bá fa díẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí bíríìjì padà, ó yẹ kí díẹ̀ yẹn náà padà, àmọ́ ojú nọ́ọ̀tì há a mọ́bẹ̀. Okùn ti kúrú díẹ̀ nìyẹn, ohùn sì ga. Tí o bá fa apá sókè, òdìkejì rẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀: okùn kan náà á wálẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jọ wálẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀, tí wọ́n sì jọ ga lẹ́yìn fífà, má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Bíríìjì gan-an ni kò padà délé. Orí òpó méjì tó ń mì lé lórí ni kí o lọ wò.

Tó bá sì jẹ́ pé okùn kan ń wálẹ̀ ṣáá, yálà o tẹ̀ ẹ́ tàbí o fà á, tí kì í ga láé, okùn yẹn ń yọ̀ lórí pẹ́ẹ̀gì, tàbí kó jẹ́ pé ó ṣì tuntun, kò tíì nà tán.

Níwọ̀n ìgbà tí o ti ní ìkẹfà àti ìkẹta ni ìṣòro rẹ, tó sì jẹ́ ìgbà tí o kó okùn tó sanra sí i ló bẹ̀rẹ̀, owó mi wà lórí nọ́ọ̀tì. Ojú tí okùn 0.042 gbé jókòó sí tẹ́lẹ̀ lo ki 0.046 bọ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, àmọ́ ìyẹn ti tó láti há. Ìkẹta ló sanra jù nínú àwọn tí a kò fi wáyà wé, láti 0.016 ló sì bọ́ sí 0.017. Tí o bá ń yí pẹ́ẹ̀gì, tí o gbọ́ "tín!" lórí nọ́ọ̀tì, tí abẹ́rẹ́ túnà sì fò kọjá ibi tí ò ń lọ, o ti gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mò ń sọ o. Nígbà tí Floyd Rose fúnra rẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe bíríìjì yẹn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí, láàárín ọdún 1970 sí 1980, kì í ṣe bíríìjì ló kọ́kọ́ ṣe. Nọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ ṣe, èyí tó ń fi súkúrù di okùn pa kó má lè yọ̀ síwá sẹ́yìn mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan bíríìjì. Ní 1979 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá (patent) lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn súkúrù kéékèèké tí a fi ń túùnù lórí bíríìjì rẹ̀ tún dé lẹ́yìn ìyẹn, nítorí pé tí o bá ti ti nọ́ọ̀tì pa, pẹ́ẹ̀gì kò wúlò mọ́.

Iṣẹ́ wá yá. Bíríìjì ni kí a kọ́kọ́ mú dọ́gba, kí a tó lọ sórí nọ́ọ̀tì, torí pé tó bá ń gbé ìdí sókè báyìí, ìdánwò tí o máa tún ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ kò ní dá ọ lójú.

Tú ike ẹ̀yìn. Wàá rí irin gbọ̀ǹgbọ̀n kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti ara bíríìjì wọnú ihò. Ìdí àwọn sípírìngì wà lára rẹ̀, orí wọn sì kọ́ sára irin pẹlẹbẹ kan tí súkúrù gígùn méjì dè mọ́ igi níhà ọrùn. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n fún súkúrù méjèèjì díẹ̀, kí wọ́n túùnù, kí wọ́n tún fún un, kí wọ́n tún túùnù, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èmi kì í ṣe é mọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Dẹ okùn díẹ̀, kí o sì tú súkúrù méjèèjì kí sípírìngì dẹ̀, má tú u débi tí wọ́n á fi yọ lórí ìkọ́. Gé igi pẹlẹbẹ kan tàbí páálí líle tí o ṣẹ́ po, kí o ki í sáàárín irin gbọ̀ǹgbọ̀n yẹn àti ògiri ihò níhà ìdí gìtá, níbi tí ẹ ń so bẹ́líìtì mọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa mú kí ojú bíríìjì lókè tẹ́ pẹrẹsẹ bá ojú gìtá, kí àyè bíi mílímítà méjì sí mẹ́ta sì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀.

Okùn ń fa bíríìjì síwájú, igi sì dá a dúró. Ní báyìí kò lè lọ mọ́, torí náà wàá lè túùnù gìtá náà bí ẹni ń túùnù gìtá tí bíríìjì rẹ̀ kì í mì: okùn kan kò ní ba èkejì jẹ́. Tí gbogbo wọn bá ti wà lójú ohùn, mú sukudiráfà, kí o máa fún súkúrù ẹ̀yìn méjèèjì, ìlàjì ìyípo lórí eléyìí, ìlàjì lórí ìyẹn. Tó bá yá, igi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, lẹ́yìn náà á já bọ́. Ibi tó ti já bọ́ gan-an ni kí o dúró. Sípírìngì àti okùn ti bá ara wọn dọ́gba níbẹ̀, ohùn tí o ti túùnù sì ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí ẹnì kan ṣe é, mo bínú sí gbogbo ọ̀sán tí mo ti fi ṣòfò.

Ní ti sípírìngì tí wọ́n ní kí o rà, mẹ́ta sábà máa ń tó fún okùn 10. Tó bá jẹ́ pé irin pẹlẹbẹ yẹn ti kan ògiri ihò lọ́hùn-ún tí igi tí o ki bọ̀ ọ́ kò sì tíì já bọ́, nígbà yẹn ni kí o fi ìkẹrin kún un. Kì í ṣe márùn-ún. Bí sípírìngì bá ṣe pọ̀ tó ni apá náà á ṣe le lọ́wọ́ tó, kò sì sí èyí tó kan nọ́ọ̀tì nínú rẹ̀.

Ó wá kan nọ́ọ̀tì. Dẹ okùn kẹfà, gbé e kúrò lójú rẹ̀, kí o wá àjákù okùn onírin wíwé tó sanra ju 0.046 lọ díẹ̀. Fi í ṣe ayùn, kí o máa fà á lọ fà á bọ̀ nínú ojú náà, kí o sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ síhà pẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o fẹ̀, má ṣe jin ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo fi ìkánjú jin nọ́ọ̀tì oníbàárà kan, okùn wálẹ̀ débi tó ń kan fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, tó sì ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Owó ara mi ni mo fi ra òmíràn. Fún ìkẹta, tó jẹ́ pé kò ní wáyà wíwé, ṣẹ́ sáńpépà (bébà oníyanrìn) tẹ́ẹ́rẹ́ tó kúnná jù lọ sí méjì, kí o fi yọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mú pẹ́ńsù, èyí tí dúdú rẹ̀ rọ̀, bíi 2B, kí o fi kun inú ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Dúdú pẹ́ńsù yìí ni gíráfáìtì, ó sì ń mú kí okùn yọ̀ dáadáa. Àwọn kan máa ń pò ó mọ́ fasilíìnì bínńtín. Ìyẹn náà dára, àmọ́ ó máa ń kó eruku, pàápàá nígbà ọyẹ́. Fi pẹ́ńsù náà kan abẹ́ irin kékeré tó tẹ okùn kìíní àti ìkejì mọ́ orí gìtá, torí pé okùn máa ń há níbẹ̀ náà, àti ojú ibi tí okùn jókòó sí lórí bíríìjì.

Pẹ́ẹ̀gì kò gba àlàyé púpọ̀. Jẹ́ kí okùn yí i po lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa sọ̀ kalẹ̀, kí ọ̀kan má gun orí èkejì. Mo ti rí gìtá tí okùn yí pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹwàá bí òwú lára ìrànwú, olówó rẹ̀ sì ń bú bíríìjì. Okùn tuntun sì gbọ́dọ̀ nà: gbá a mú ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, fà á díẹ̀díẹ̀ kúrò lára igi, túùnù, tún fà á, títí tí kò fi ní wálẹ̀ mọ́.

Tí ìdánwò rẹ bá fi hàn pé gbogbo okùn ló jọ ń yí, dẹ gbogbo wọn kí o yọ bíríìjì kúrò. Wo etí rẹ̀ méjèèjì tó gbá òpó mú. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Tí ẹnu wọn bá ti kú, tàbí tí òpó ti ní kòtò lára, kò sí òróró tó máa jí wọn dìde, pípààrọ̀ ló kù. Tí wọ́n bá dára, nù wọ́n mọ́, fi òróró ẹ̀kán kan sí i. Mi òpó náà wò pẹ̀lú ìka: tó bá ń jó nínú igi, bíríìjì kò lè mọ ilé. Má sì ṣe yí òpó yẹn sókè tàbí sísàlẹ̀ nígbà tí okùn bá le. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, irin ń lọ irin nìyẹn, ẹnu tó mú á sì kú lójú rẹ.

Floyd Rose wá ńkọ́? Ohun èlò tó dára ni. Ojúlówó rẹ̀, tí wọ́n ń rọ ní Jámánì, irin líle ni wọ́n fi ṣe ẹnu rẹ̀. Ó ń ti okùn pa ní orí méjèèjì, lórí nọ́ọ̀tì àti lórí bíríìjì, o lè tẹ apá rẹ̀ títí okùn á fi máa wọ́lẹ̀, kó sì padà. Àmọ́ wo ohun tó ń béèrè. Wàá gbẹ́ igi. Wàá gé orí róbótó okùn kọ̀ọ̀kan kó tó wọlé. Allen key 3 mm gbọ́dọ̀ máa wà lápò rẹ nígbà gbogbo. Tí okùn kan bá já láàárín ìsìn, o ti parí fún ọjọ́ náà àfi tí gìtá mìíràn bá wà nílẹ̀. Àwọn àfarawé olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà sì máa ń ní irin tó rọ̀, ẹnu wọn kì í pẹ́ kú. Tí owó bá ń yún ọ lápò, ra pẹ́ẹ̀gì tó ní lọ́ọ̀kì. Kò ní kí o gbẹ́ igi, okùn kì í yí i po, ó sì ń mú ìdajì ìjàngbọ̀n kúrò.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe àìsàn rárá, tí wọ́n á sì fẹ́ ta fún ọ ní oògùn. Tí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa ohùn okùn lórí bíríìjì, bí a ṣe ń ṣe nínú jùjú àti nínú orin ìyìn, tí o sì tẹ ìdí bíríìjì, ohùn á ga. Ọwọ́ rẹ ni, kì í ṣe gìtá: gbé e síwájú díẹ̀, kó má tẹ ẹ̀yìn. Tí o bá tẹ okùn kan wọ́ tí o sì jẹ́ kí òmíràn máa dún pẹ̀lú rẹ̀, òmíràn yẹn á wálẹ̀. Kò sí àtúnṣe fún un. Tí olórí akọrin bá sì ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ohùn, má ṣe é lójú ẹsẹ̀. Agbára okùn á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, bíríìjì á wọlẹ̀ lẹ́yìn, wàá sì máa túùnù títí wọ́n á fi dé orí ọrẹ. Gìtá tó ń léfòó, ohùn kan ni kí o fi ṣe ilé fún un. Má sì gbé e sínú bùútù ọkọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán kí o wá máa bi mí pé kí ló dé.

Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ọ̀kan: ṣé o máa ń fa apá yẹn sókè? Gbogbo ohun tí o kọ, títẹ̀ ni o sọ. Tó bá jẹ́ pé títẹ̀ nìkan ni, èmi á ki igi kan sí ìhà kejì irin gbọ̀ǹgbọ̀n yẹn, síhà ọrùn, láàárín rẹ̀ àti ògiri, bíríìjì á ṣì wà ní pẹrẹsẹ. Màá wá fún súkúrù ẹ̀yìn lé díẹ̀ kí irin náà lè fara ti igi dáadáa. Ìdí bíríìjì kò ní lè wọlẹ̀ mọ́. Tí okùn bá já, àwọn márùn-ún tó kù á dúró sójú ohùn wọn, wàá sì parí orin. Àwọn tó fẹ́ràn kí gìtá máa ké bí ẹṣin kò ní gbà fún mi, àmọ́ fún ẹni tó ń ta gìtá láàárín ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, ohun tí màá ṣe sí gìtá tèmi nìyẹn.

Ṣe ti igi àti ti pẹ́ńsù lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì tún ìdánwò náà ṣe. Tó bá ṣì ń dà ọ́ láàmú, kọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ sí mi bí túnà ṣe sọ wọ́n: okùn wo, lẹ́yìn títẹ̀ tàbí lẹ́yìn fífà, sókè tàbí sísàlẹ̀.